Ọjọ́ Tí Àwọn Àgbà Ìjọ Dọ̀bálẹ̀ Sórí Koríko Bàbá Tasha

Ẹ gbé bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀ ná, kí etí mi sinmi. Ẹ wá jókòó síbí. Ìwọ tó ń wọ́ ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti Kóòṣì Tasha kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ lè rẹ́rìn-ín, mo rí ọ. Ìwọ tó fa ọmọ ẹlòmíràn nírun láàárọ̀ yìí, tó o wá ń yínmú, mo rí ìwọ náà. Wọ́n ní kó o lọ bẹ̀ ẹ́, o ní o ti tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. O kú iṣẹ́ o. Nígbà tiwa, a kì í rán fóònù lọ bẹ̀bẹ̀, torí fóònù kò ní orúnkún.

Ẹ wo ilé eré tí ẹ wà yìí. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí àwo, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí yín lára, omi inú ike ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ̀yìn àwọn ilé tí a háyà ní District Heights, ní Amẹ́ríkà níbí, ni pápá básíkẹ́ẹ̀tì wà. Kọnkéré lásán ni, ó sì ti sán káàkiri. Ṣéènì ni wọ́n so mọ́ òrùka irin dípò àwọ̀n okùn. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ibẹ̀ kọjá, á dún ṣàráwàrà bí ẹni da ṣíbí sínú bàsíà. Ìró yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ ti rọ̀. Màlúù ìjọba ni mò ń tọ́jú ní Beltsville, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ọ̀gbìn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó bọ́ bàtà tó ń rùn fún ìgbẹ́ màlúù, màá kọ́kọ́ dúró lójú fèrèsé, màá máa wo ìjà.

Ìjà ni mo pè é, mi ò ṣì í sọ. Àwọn ọkùnrin ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àwọn géńdé tó ń ru ẹrù nílé ìkẹ́rùsí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn. Àbẹ̀kẹ́ ni, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní Kóòṣì Bẹ̀kẹ́, tó ń tiro lọ tiro bọ̀ lónìí pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, ẹnu ọ̀nà wa kọjú síra. Pé ó jẹ́ obìnrin kò ní kí wọ́n dá a sí. Wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà, wọ́n á tì í lu irin òpó, á bọ́ sílẹ̀, á tu ẹ̀jẹ̀ dànù, á ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wá. Èmi tí mò ń wò ó, màá ké yéè lójú fèrèsé. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an.

Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn eré náà rárá. Akáǹtáǹtì ni, ọmọ Ọ̀yọ́, ọkùnrin agbéraga tí kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ṣé tìtorí kí ọmọ mi lè máa bá àwọn ọ̀mùtí ta bọ́ọ̀lù kiri ni mo ṣe gbé e sọdá òkun?" Bó bá ká bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lọ́wọ́, á mú ọ̀bẹ ìdáná, á fi gún un. Bọ́ọ̀lù á mí fùùù, á dùbúlẹ̀ bí ẹran tí wọ́n dúńbú. Lẹ́yìn náà ló máa tú bẹ́líìtì. Àbẹ̀kẹ́ kì í sunkún. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì oníwà pẹ̀lẹ́, á wá di yìnyín sínú táwẹ́ẹ̀lì, á fi lé e nímú tó wú, á ní, "Imú rèé, Àbẹ̀kẹ́? Ta ló máa fi imú báyìí lọ́kọ?" Lọ́jọ́ kejì, ẹ máa gbọ́ ṣéènì tó ń dún ṣàráwàrà.

Nílé ìwé rẹ̀, kóòṣì kan kọ́ ọ ní ohun tí ẹ ṣì ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ títí dòní. Bí ẹlòmíràn bá ń sáré bọ̀ wá kọlù ọ́, má sá, má sì gbé ọwọ́ sókè. Dúró, fi àyà gbà á. Bó bá bì ọ́ ṣubú, òun ló jẹ̀bi, ẹgbẹ́ rẹ ló máa gba bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà sọ ọ́ di iṣẹ́. Mo lọ wò ó nígbà kan, mo rí i tí ọmọ kan tó tóbi jù ú lọ rọ́ lù ú, tí orí rẹ̀ sì ró gbì nílẹ̀. Èmi ni mo pariwo. Òun dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ wà láàárín eyín rẹ̀.

Eré fífi ara gba ìyà yẹn ló gbé kóòṣì yunifásítì kan wá sílé wọn. Obìnrin náà jókòó ní pálọ̀, ó jẹ ìrẹsì, ata mú un títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ṣèlérí pé àwọn á rán Àbẹ̀kẹ́ lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́ títí á fi gboyè. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ ti padà sí ìdáná. Ẹ wá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Ọmọ mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù." Ọ̀gbẹ́ni!

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọ ilé ìwé kan láti apá Suitland wá bá ilé ìwé Àbẹ̀kẹ́ gbá. Tasha ló ń gbá àárín fún wọn, ọmọ gíga tó jẹ́ pé bó bá na ọwọ́, ó kù díẹ̀ kó kan òrùka irin. Àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti dájú sọ Àbẹ̀kẹ́. Bí rẹfirí bá wo ibòmíràn, á gún un níhà. Bó bá tún yíjú, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ń fara dà á. Ètè rẹ̀ ti bẹ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Ìgbà tó fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ni Tasha na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó di irun rẹ̀ mú, ó sì fà á wálẹ̀. Ìdì irun kan já tòun ti awọ orí. Èmi rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí i, torí ojú wọn wà lókè níbi tí bọ́ọ̀lù wà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni gbogbo wọn rí: Àbẹ̀kẹ́ dìde, ó yí padà, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a lágbọ̀n.

Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi eyín fọ́ eegun ẹran. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Tasha, ọwọ́ ló fi fà á.

Kí rẹfirí tó fun fèrè, gbogbo ilé ti dà rú. Àwọn òbí ń fo àga kọjá. Ẹnì kan fi àga la kóòṣì wa lórí. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, oníwà pẹ̀lẹ́ yẹn, tú ìborùn rẹ̀, ó fi di ìbàdí, ó wọ àárín wọn: "Ta ló fa irun tí mo fi gbogbo ọjọ́ Sátidé dì? Ẹ fi í hàn mí!" Àwọn ọmọ ń já ara wọn jẹ. Mo ní kí n lọ là wọ́n, agboòrùn ìyá arúgbó kan ló bà mí lójú. Onílàjà ló ń forí gbọgbẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ló tú wa ká, ẹ̀jẹ̀ sì wà lórí pákó láti ìkángun kan dé èkejì.

Wọ́n fi wáyà so àgbọ̀n Tasha pa nílé ìwòsàn, ọbẹ̀ olómi nìkan ló ń fà mu láàárín eyín. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ní kóòtù ló máa parí ọ̀rọ̀ náà. Kóòṣì yunifásítì sì pè, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá fi lè dé iwájú adájọ́, kí Àbẹ̀kẹ́ gbàgbé ìlérí tí àwọn ṣe. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ kò jẹun mọ́. Ó kàn ń rìn yí pálọ̀ po.

Pásítọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ní, "Ẹ̀yin dádì, Amẹ́ríkà la wà o. Lọ́yà ni kẹ́ ẹ wá."

Baba Ìjọ, olórí àwa àgbà ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi orí. "Lọ́yà á bá wa jà, kò ní bá wa bẹ̀bẹ̀. A kì í ti kóòtù dé ká tún ṣọ̀rẹ́. Ọmọ wa ló fọ́ ọmọ olọ́mọ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká lọ dọ̀bálẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ká kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù pé à ń bọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ òórùn burúkú. "Ṣé ẹni tó ń lọ bẹ̀bẹ̀ a máa gba àyè? Bí wọ́n bá ní ká má wá ńkọ́?"

Èmi náà rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é nílé. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwa àgbà mélòó kan wọ agbádá wa lọ sílé Tasha. A gbé kúlà ọbẹ̀ ẹran lọ́wọ́. Àbẹ̀kẹ́ wà nínú mọ́tò, ó kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. "Dádì, mi ò ní kúnlẹ̀ fún ẹni tó fa awọ orí mi já."

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ni pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn kan ti wa mọ́tò kọjá ní òpópónà náà, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì pa ọmọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ilé tó kọjú sí ti Tasha. Ní àdúgbò yẹn, bí èèyàn bá dojú bolẹ̀, kì í ṣe pé ó ń kíni. Ìbọn ló ń sá fún. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa ò wolé.

A tò sórí koríko iwájú ilé, Bàbá Àbẹ̀kẹ́ níwájú. Baba Ìjọ tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ó sáré padà sínú ìlà, ó ní, "Ó yá!" Gbogbo wa da gbì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá àgbà Tasha ló wà lójú fèrèsé. Ó rí àwọn ọkùnrin ńláńlá tí wọ́n wó lulẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó figbe ta pé wọ́n tún ti ń yìnbọn, ó gbá Tasha mú, ó sì fi í dùbúlẹ̀. Àgbọ̀n tí wọ́n fi wáyà so gbá ilẹ̀. Àwa tí a wà níta gbọ́ igbe náà. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, bàbá Tasha jáde, ìbọn lọ́wọ́.

"Ta ló ń yìnbọn? Níbo ni wọ́n wà?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan àfi àwa tí a dojú bolẹ̀ nínú aṣọ tó fẹ̀ débi pé kò sí ohun tí èèyàn ò lè fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ó wá na ìbọn sí orí Bàbá Àbẹ̀kẹ́. "Ta ni yín? Kí ló wà nínú aṣọ yẹn? Ẹ fi ọwọ́ hàn mí!"

Koríko wà lẹ́nu mi. Mo gbọ́ tí Baba Ìjọ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Kẹ́nikẹ́ni má dìde o. Wọn ò tíì dá wa lóhùn." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Bàbá Àbẹ̀kẹ́ na ọwọ́ láti fi ti kúlà ọbẹ̀ síwájú, kí ọkùnrin náà lè rí i pé ire la bá wá. Ìbọn ró. Kúlà fọ́, ọbẹ̀ pupa bo agbádá funfun ọ̀rẹ́ mi, mo sì rò pé wọ́n ti pa á. Mo ké pe Jésù.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí. Àbẹ̀kẹ́ sáré kọjá lórí wa, ó dúró láàárín ìbọn àti bàbá rẹ̀, ó fi àyà kọjú sí i, ó sì rẹ ọwọ́ sílẹ̀ bí kóòṣì rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó mọ ọmọ tó fọ́ àgbọ̀n ọmọ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí Èṣù bá fi lè fẹ́ ẹ́ létí báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Tasha ló jáde. Ẹ̀jẹ̀ ń jò láàárín wáyà ẹnu rẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ bàbá rẹ̀ wálẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀, ó sì gbá Àbẹ̀kẹ́ létí. Etí gbogbo wa ho. Ó tún gbá apá kejì. Àbẹ̀kẹ́ kò yẹ̀, kò gbé ọwọ́ sókè. Tasha tún na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ ọ̀hún kò sọ̀ mọ́, ó bú sẹ́kún. Ó fẹ́ sọ nǹkan, wáyà ò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ìró kan ṣáá ló ń ti ọ̀fun rẹ̀ jáde. A gbà pé èébú ni.

Ìyá àgbà rẹ̀ tẹ̀ lé e jáde. "Kí ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń ṣe lórí koríko mi?"

Baba Ìjọ ṣàlàyé fún un láti ilẹ̀ níbi tó wà, pé ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, pé bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyí. Màmá náà wo ìlà wa láti orí dé ìdí. Ó ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ní Carolina, kò sí ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ láti bẹ̀ mí rí. Ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Bí mo ṣe gbójú sókè, ó na ìka sí ojú mi tó ṣì wú. "Àbí ìwọ kọ́ ni mo fi agboòrùn gbá?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà."

Wọn ò dé kóòtù. Àbẹ̀kẹ́ lọ sí yunifásítì, ó gboyè, ó sì lọ ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Tọ́kì àti ní Poland. Lásìkò yẹn, káàdì fóònù tí a ń fi èékánná họ lẹ́yìn la fi ń pè é, ohùn rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀. Ó ní àwọn òǹwòran máa ń ju owó ẹyọ lù wọ́n lórí pápá. Ó sọ eyín méjì nù lọ́hùn-ún. Ìka rẹ̀ dá, wọ́n fi téèpù so ó mọ́ ìkejì, ó sì ń gbá a lọ. Bàbá rẹ̀ so fọ́tò rẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri. Àfìgbà tí ẹnì kan tì í láti ẹ̀yìn nígbà tó fò sókè, tó fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀, tí orúnkún sì yí. Wọ́n là á, wọ́n tún là á, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ó padà sílé bàbá rẹ̀, tí wọ́n ti kó lọ sí Greenbelt nígbà yẹn. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rò pé ibi tí wọ́n ti ń lu èèyàn ló le jù. Ibi tí lílù náà ti dáwọ́ dúró ló le. Ọmọ tí ìjà tọ́ dàgbà, wọ́n ní kó jókòó. Ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri gáréèjì títí ògiri fi lu. Ó ríṣẹ́ sílé ìkẹ́rùsí kan ní Beltsville, ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i, Àbẹ̀kẹ́ fi orí kàn án nímú, wọ́n gbé e tìmọ́lé, wọ́n sì lé e níṣẹ́. Bàbá rẹ̀ wá bá mi, ọkùnrin agbéraga yẹn. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ yìí máa pa èèyàn, tàbí kí èèyàn pa á." Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti bàbá rẹ̀ ń mu tíì ní pálọ̀. Aago ẹnu ọ̀nà dún, Àbẹ̀kẹ́ tiro lọ ṣílẹ̀kùn. Mo ń wò wọ́n láti ibi tí mo jókòó sí. Tasha ló dúró síta, àgbọ̀n rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ ṣe ń rí i yìí. Kò kí i. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó wo koríko, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dojú bolẹ̀. Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni tiyín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló rí tó ń ṣe é lọ́jọ́ kìíní, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ó ní, "Èmi ni mo fa irun rẹ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá, mo fẹ́ sọ ọ́, wáyà ò jẹ́. Nígbà tí wọ́n tú wáyà, ìtìjú ò jẹ́. Ẹ̀yin ti bẹ̀bẹ̀ fún tiyín. Kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀ fún tèmi."

Àbẹ̀kẹ́ tiro jáde sórí koríko.

"Mo láwọn ọmọbìnrin kan tí mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù," Tasha ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ wà nínú koríko. "Ìjà ni wọ́n ń jà ṣáá. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ́ wọn kí wọ́n dúró láì gbé ọwọ́ sókè. Ìwọ nìkan ni mo rí tó ṣe é, ọwọ́ mi ló sì ń gbá ọ lọ́jọ́ náà. Jọ̀ọ́, wá bá mi kọ́ wọn."

Ọ̀rẹ́ mi kò gbọ́ èyíkéyìí nínú èyí, etí rẹ̀ ti di díẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni ìró gbì kan, nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ ní kí òun kúnlẹ̀ gbé Tasha dìde, tí orúnkún ò gbà, tó sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá gbójú sí ojú fèrèsé, ó rí ọmọ rẹ̀ àti ẹlòmíràn tí wọ́n nà gbalaja lórí koríko. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó ṣáájú wa dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́sí figbe ta pé, "Ìbọn o!" Ó dì mí lọ́rùn mú, ó sì gbé èmi àti tíì gbígbóná ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì. A dùbúlẹ̀ síbẹ̀, à ń retí ìbọn. Ẹ̀rín àwọn méjèèjì níta la gbọ́, ẹ̀rín tòun tẹkún, tí kò tán bọ̀rọ̀.

Ẹnu tí ẹ ń wọ́ kiri nìyẹn. Ẹ gbọ́ fèrè, àwọn kóòṣì yín méjèèjì ti dé. Ìwọ tó fa irun, gbé fóònù yẹn fún mi, kó o lọ bá ọmọ náà. Kí o kúnlẹ̀ ni o. Má dọ̀bálẹ̀, torí bí mo bá rí ẹnì kan tó nà gbalaja nílẹ̀ níbí, ara mi ti gbó, mi ò lè ṣubú mọ́.